Òpin ọ̀sẹ̀ ní Abẹ́òkúta: ẹ bi oòrùn léèrè kí ẹ tó gun Olúmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti ìyá ọkọ mi fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta. A fẹ́ kúrò nílé láàárọ̀ Sátidé, ká sì padà nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ìyànà-Ìpájà là ń gbé. Ọkọ mi ní ká wa mọ́tò wa lọ, èmi ní ká wọ ọkọ̀ ojú irin. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, eékún ń dà wọ́n láàmú, síbẹ̀ wọ́n ti búra pé àwọn máa gun Olúmọ. Mo tún fẹ́ ra àdìrẹ gidi, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Báwo la ṣe máa tò ó? Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ohun tó máa ń ba ìrìn àjò ọjọ́ méjì sí Abẹ́òkúta jẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀nà tàbí owó. Bí wọ́n ṣe tò ó ni. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, á gba Olúmọ lọ tààrà torí pé orúkọ rẹ̀ ló mọ̀, á dé orí àpáta lọ́sàn-án gangan nígbà tí òkúta ti gbóná bí agbada àkàrà, orí á fọ́ ọ, á lọ sùn di alẹ́. Sọ́ńdè ló máa wá rántí àdìrẹ, ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, ti wà ní títì, àwọn tó ni wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ yí i padà: ọjà láàárọ̀ Sátidé, Olúmọ nírọ̀lẹ́ Sátidé, Aké ní Sọ́ńdè. Tí ẹ bá di èyí mú, ìyókù á rọrùn.

Ká kọ́kọ́ parí ìjà ẹ̀yin àti ọkọ yín. Ẹni tó bá wa mọ́tò láti Ìyànà-Ìpájà, Sàńgó-Ọ̀tà àti Ifọ̀ ló máa gbà. Ọ̀nà yẹn kúrú lójú máàpù, àmọ́ Sàńgó nìkan lè jẹ wákàtí kan mọ́ yín lọ́wọ́ láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí àwọn tó ń lọ òde àríyá àti àwọn tó ń ná ọjà bá pàdé lójú títì kan náà. Ọ̀nà kejì ni márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: ẹ gbà á dé Ṣágámù, ẹ yà sí apá òsì, ẹ gba Síun àti Kòbápẹ́ wọ ìlú. Èyí dáa fún ará Ọjọ́dú tàbí Kẹtu. Ní tiyín, ẹ máa kọ́kọ́ la Ìkẹjà kọjá kí ẹ tó rí ẹnu ọ̀nà rárá.

Nítorí náà, ẹ̀yin lẹ jàre. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 gùn tó kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní agbedeméjì rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ lọ wọ̀ ọ́ ní Ẹ́bútẹ́ Mẹ́ta. Ibùdó Agége, èyí tí wọ́n fi orúkọ Babátúndé Fáṣọlá sọ, ló sún mọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, Agége ni kí ẹ yàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ ti máa wọlé, kí nọ́ńbà ìjókòó yín má bàa dàrú. Aago ọkọ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ wo ti ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ gan-an lórí íkànnì Àjọ Ojú Irin Nàìjíríà. Àtẹ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá kò ṣe é gbára lé. Ọkọ̀ tó ń kúrò l'Ékòó ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo fi ṣe ìṣirò tó wà nísàlẹ̀. Ẹ wà ní Agége ní ó kéré tán ìṣẹ́jú márùnlélógójì ṣáájú, nítorí yíyẹ ẹrù wò àti tíkẹ́ẹ̀tì wò máa ń fa ìlà, ọkọ̀ kì í sì í dúró de ẹni tó ṣì wà lórí ìlà. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan mú káàdì ìdánimọ̀ dání.

Ẹ ra àlọ, ẹ ra àbọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ra àlọ nìkan, wọ́n á ní àwọn máa rí àbọ̀ rà lọ́hùn-ún. Ìbàdàn ni ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ti ń bọ̀. Tó bá fi máa dé Abẹ́òkúta, ó lè má ku ìjókòó márùn-ún tó wà pa pọ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ìbejì kan jókòó sí kóòṣì kan kí èkejì wà ní òmíràn.

Ọkọ̀ kì í pẹ́ ní ibùdó tó wà láàárín ọ̀nà. Tí ẹ bá ti gbọ́ Pàpáláńtò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù yín jọ, ẹ jẹ́ kí Màmá na ẹsẹ̀ díẹ̀, torí Abẹ́òkúta ló kàn. (Orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló wà lára ibùdó Pàpáláńtò, ti Wọlé Ṣóyínká ló wà lára ti Abẹ́òkúta. Ọmọ Abẹ́òkúta ni àwọn méjèèjì, ẹ sì máa tún bá ọ̀rọ̀ wọn pàdé ní Aké.)

Láderin ni ibùdó náà wà, ẹ̀yìn ìlú ni. Níbí ni mo ti máa fún ọkọ yín ní ẹ̀tọ́ díẹ̀: ẹni tí eékún ń dùn kò gbọ́dọ̀ máa fò láti kòròpé bọ́ sínú márúwá káàkiri ìlú olókè bíi Abẹ́òkúta. Ẹ háyà takisí kan fún gbogbo Sátidé. Ẹ má gbà fún awakọ̀ tó kọ́kọ́ já àpò gbà lọ́wọ́ yín ní ẹnu géètì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé: ibi tí ẹ ń lọ, iye wákàtí, ẹni tó ń ra epo, iye tó máa gbà tó bá di alẹ́. Ìdajì owó láàárọ̀, ìdajì tí ẹ bá parí. Ẹni tí wọ́n ti san gbogbo owó fún ní aago mẹ́wàá kì í sábà gbé fóònù ní aago mẹ́rin.

Hòtẹ́ẹ̀lì ò ní fún yín ní yàrá ní aago mẹ́wàá àárọ̀, àmọ́ wọ́n máa bá yín gba ẹrù sílẹ̀. Ìbarà tàbí Òkè-Ìléwó ni kí ẹ wá a sí, torí àárín ìlú ni. Nígbà tí ẹ bá pè wọ́n, ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló ní i. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń tàn án àti aago tí wọ́n ń pa á. Ẹ béèrè bóyá yàrá wà nísàlẹ̀ pátápátá fún Màmá. Ẹ tún béèrè bóyá gbọ̀ngàn àríyá wà nínú ọgbà wọn, nítorí Sátidé ni, bí òwàǹbẹ̀ bá sì wà lábẹ́ fèrèsé yín, kò sí ẹni tó máa sùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìbéèrè kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kì í rántí: ṣé wọ́n kéde Orò ní agbègbè kankan ní òpin ọ̀sẹ̀ náà? Ilẹ̀ Ẹ̀gbá lẹ ń lọ. Ibi tí Orò bá ti ń jáde, obìnrin kì í rìn níta, ẹ̀yin àti Màmá lọ̀rọ̀ náà sì kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì máa ń mọ̀, kò ní ìtìjú nínú.

Láti ibẹ̀, Ìtòkú. Tí ẹ bá dé ọjà kí aago mọ́kànlá tó lù, ẹ ó rí àyè dúró. Àdìrẹ kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, èyí tí ọwọ́ ṣe àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sì lè wà lórí tábìlì kan náà. Ìyàtọ̀ wọn ò ṣòro. Ẹ kọ́kọ́ yí aṣọ náà padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n rì sínú aró, iwájú àti ẹ̀yìn ló mu aró. Tí ẹ̀yìn bá funfun tàbí tó ṣá ju iwájú lọ, ojú kan ni ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́. Kódà nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́, ẹ̀yìn ló máa ń dúdú jù, torí ojú kan ni wọ́n fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya ọnà sí, aró á sì wọlé fàlàlà láti ojú kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àṣìṣe kan lára ọnà rẹ̀: ìlà tó wọ́, ẹ̀kán aró tó bọ́ síbi tí kò yẹ. Ẹ fi ìka yín lé e, kí ẹ wá máa tú aṣọ náà lọ. Bí àṣìṣe kan náà bá tún yọjú ní ìwọ̀n apá kan sí i, tó tún yọjú lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ ló ṣe é. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣi iṣẹ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí iṣan tó máa ń wà lára aṣọ tí wọ́n fi ìda àbẹ́là ṣe: ibi tí ìda ti sán ni aró ń gbà wọlé, kò sì sí méjì tó jọra.

Ọnà mẹ́ta lẹ máa gbọ́ orúkọ wọn. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko so ní kókó kókó. Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kó tó wọ aró. Ẹlẹ́kọ ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ báyìí ni ti ìda, tí wọ́n fi fóòmù tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí tẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni òun náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ó kàn yá jù ni, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n tó ẹlẹ́kọ. Tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ lọ́wọ́, ẹ tọrọ àyè kí àwọn ìbejì wò ó. Bí aṣọ bá ṣe ń jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, kì í tíì dúdú. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí i ló máa sọ ọ́ di aró lójú yín, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí wọ́n má fọwọ́ kan omi náà o, kọ́ọ́sítíìkì ló wà nínú rẹ̀, ó ń bó ara.

Ẹ mú téèpù ìwọ̀n lọ. Ọ̀pá kan jẹ́ ínṣì mẹ́rìndínlógójì, ọ̀pá márùn-ún ni ọ̀gọ́sàn-án ínṣì. Kì í ṣe gbogbo ìdì tí wọ́n bá pè ní ọ̀pá márùn-ún ló pé, rírẹ̀ sínú aró sì máa ń jẹ́ kí kọ́tìnnì sún kì. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ náà, nítorí aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì márùndínláàádọ́ta kò lè rán ohun tí èyí tó fẹ̀ ní ọgọ́ta máa rán. Ní ti ìnájà, ẹ kí ìyá náà dáadáa, ẹ jókòó tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, kí ẹ sì kó ohun tí ẹ fẹ́ rà jọ sójú kan kí ẹ tó dá owó. Ẹni tó ń ra ìdì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ní agbára tí ẹni tó ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní.

Oúnjẹ ọ̀sán, ẹ jẹ ẹ́ kí aago méjì tó lù, torí ọbẹ̀ tó dáa máa ń tètè tán ní bùkátéríà Sátidé. Làfún àti ewédú ni oúnjẹ Ẹ̀gbá. Ẹni tí kò bá fẹ́ òkèlè, ìrẹsì ọ̀fadà wà nínú ewé, ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà sì ni ìlú Ọ̀fadà wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí Màmá na ẹ̀yìn fún wákàtí kan ó lé.

Wàyí o, Olúmọ. Ẹ dé ẹnu géètì ní aago mẹ́rin. Wọ́n ń sọ pé ó ga ní mítà 137, èyí sì máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù. Láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti ẹnu géètì; ìlú fúnra rẹ̀ ti wà lókè. Gígun rẹ̀ kò ju ohun tí ìbejì ọlọ́dún mẹ́sàn-án máa fi eré ṣe lọ. Àgbà tí eékún ń dùn ló yẹ kó ṣọ́ra, ìsọ̀kalẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ṣọ́ ju ìgòkè lọ, nítorí nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ ni gbogbo ara máa ń já lé orí eékún. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè bóyá lífíìtì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, àmọ́ ẹ̀rọ ni, iná ló ń lò. Tó bá ń ṣiṣẹ́, kí Màmá bá a gòkè, kí wọ́n bá a sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé ibi tó já wọn sí kì í ṣe góńgó, àpáta díẹ̀ ṣì kù. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ bá wọn ṣe àdéhùn pé ibi ihò àpáta làwọn máa dé. Ẹ má sọ fún wọn pé wọn ò lè gùn ún. Ẹ sọ fún wọn pé ibi ihò yẹn gan-an ni àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí, orí òkè kàn jẹ́ ibi ìwòran ni. Òótọ́ sì ni.

Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta yìí, nígbà tí ogun ti tú ìlú wọn ká. Lábẹ́ òkúta ńlá tó nà jáde bí òrùlé, ẹ máa rí àwọn kòtò róbótó lára ilẹ̀ àpáta. Ọlọ ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ nǹkan tí wọ́n máa jẹ nígbà tí wọ́n wà ní ibi ìsásí. Kí àwọn ìbejì ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Inú rẹ̀ dán bíi ti àwo. Láti ibẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ gba àárín òkúta méjì tó fún gan-an, ẹni tó bá gbé báàgì sẹ́yìn máa há, torí náà ẹ gbé e síwájú. Ojúbọ wà lórí àpáta náà, àwọn ìyá àgbà olórìṣà sì wà níbẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò, kí ẹ sì ní owó kékeré lọ́wọ́. Afinimọ̀nà tí wọ́n bá fún yín ní géètì náà ń retí nǹkan tí ẹ bá parí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá gbé kámẹ́rà ńlá lè san owó ọ̀tọ̀.

Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Tí òjò bá rọ̀ lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí àpáta gbẹ, tàbí kí ẹ sún un di àárọ̀ Sọ́ńdè. Láti Kejìlá sí Oṣù Kìíní, ọyẹ́ lè bo gbogbo ìlú, ẹ ò sì ní rí ohun tí ẹ torí ẹ̀ gun òkè: páànù dúdú-pupa tó tò lọ bẹẹrẹbẹ, odò Ògùn, àti ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Aké. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, páànù wọ̀nyẹn á yọ àwọ̀ bí epo pupa.

Sọ́ńdè, ẹ lọ ṣe ìsìn ní Aké, ní Kàtídírà Pétérù Mímọ́. Òun ni wọ́n máa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1846 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún tí àwọn míṣọ́nnárì Henry Townsend àti Àjàyí Crowther wá dó sí ìlú náà. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí parí ní 1898. Townsend yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Àwa tó ń ka Yorùbá lórí fóònù lónìí, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò nígbà ìsìn. Ààfin Aláké kò jìnnà síbẹ̀. Láti wọlé, ẹ ní láti tọrọ àyè ṣáájú, torí náà ẹ wò ó láti ìta, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé iwájú ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn kóra jọ sí ní 1947, tí wọ́n kọ owó orí. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó padà. Adúgbò yìí náà ni Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní 1934, ti dàgbà.

Ilé ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ wà ní Òkè-Mọ́sàn, 2017 ni wọ́n ṣí i. Ó tóbi, owó ibi kọ̀ọ̀kan sì lè dá dúró. Ẹ yan ọ̀kan: ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ọkọ yín fẹ́, tàbí ọgbà ẹranko tí àwọn ìbejì máa fẹ́. Ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ Fúráìdé láti mọ èyí tó ṣí ní Sọ́ńdè. Ilé ìdílé Kútì àti ibojì Ẹfúnróyè Tinúbú, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ẹ ò lè kó wọn mọ́ ọn láìjẹ́ pé Màmá jìyà.

Hòtẹ́ẹ̀lì máa fẹ́ kí ẹ kúrò ní ọ̀sán, nígbà tí ọkọ̀ ṣì di ìrọ̀lẹ́. Ẹ kó ẹrù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó lọ sí ìsìn, ẹ tètè wá gbé e, kí ẹ sì wà ní Láderin ní ìṣẹ́jú márùnlélógójì ṣáájú ọkọ̀. Kí àdìrẹ wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, nítorí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró lè yọ àwọ̀ sí aṣọ funfun tí Màmá wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù lọ́tọ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ kì í mú irú aró yìí dúró. Aró tí kò wọ inú òwú ló ń ṣàn jáde, ẹ máa pààrọ̀ omi títí tó fi máa mọ́, ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, ẹ má fi Jik kàn án, kí ẹ sì sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á tààrà.